Ìkọlù àlẹ̀mọ́ lórí kọ̀ǹpútà: PhET, Algodoo, Web VPython tàbí Pymunk, èwo ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́?

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fíṣíìsì máa ń pè ní ìkọlù àlẹ̀mọ́. Èkíní ni pé nǹkan méjì forí gbárí, tí wọn ò sì ta padà kúrò lára ara wọn. Èkejì ni pé wọ́n forí gbárí, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra pátápátá, tó fi jẹ́ pé béèyàn bá fa ọ̀kan, èkejì á tẹ̀ lé e. Níbi tí nǹkan méjèèjì bá ti ń rìn lórí ìlà kan ṣoṣo, èsì kan náà ni wọ́n ń mú wá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá fẹ̀gbẹ́ kọlu èkejì, èsì wọn á yà síra. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àfarawé fíṣíìsì ti yàtọ̀, ohun tó sì yẹ kéèyàn fi yan èyí tó máa lò nìyẹn. Ẹwà àwòrán kò tó ohun tí a ń fi yàn.

Ìṣirò tí a ó fi dán wọn wò

Ká mú bọ́ọ̀lù A tí máàsì rẹ̀ jẹ́ kílò 2, tó ń sáré ní 3 m/s, kó lọ kọlu bọ́ọ̀lù B, kílò 1, tó dúró jẹ́ẹ́. Mòmẹ́ńtọ̀mù gbogbo wọn jẹ́ 6 kg·m/s. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, kílò 3 ló ń gbé 6 yẹn lọ, nítorí náà eré wọn á jẹ́ 2 m/s. Agbára ìrìn wọn, ìyẹn ½mv², jẹ́ 9 J kí wọ́n tó kọlu ara wọn, ó sì ku 6 J lẹ́yìn náà. Jọ́ọ̀lù 3 ti lọ sínú ooru, ariwo àti ara tó tẹ̀ wọnú. Ọ̀nà kúkúrú láti rí 3 yẹn ni ½ × m₁m₂/(m₁+m₂) × (v₁−v₂)², ó sì dára kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC mọ̀ ọ́n sórí, torí ó ń jẹ́ kó rí èsì láì kọ́kọ́ wá eré ìkẹyìn.

Ìdánwò kejì ló le díẹ̀, òun náà ló sì ń tú àṣírí. Ẹ mú àwo róbótó pẹlẹbẹ méjì, kílò 1 ọ̀kọ̀ọ̀kan, réédíọ́ọ̀sì wọn 0.1 m. Ọ̀kan dúró, èkejì ń bọ̀ ní 2 m/s, ṣùgbọ́n ìlà tí àárín rẹ̀ ń tọ̀ fi 0.1 m yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àárín èyí tó dúró. Agbára ìrìn tí a bá bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 2 J. Èsì mẹ́ta ló lè jáde:

Bí wọn ò bá ta padà àmọ́ tí ara wọn ń yọ̀ láìsí fríkṣọ̀n, 1.25 J ló máa ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra bí ohun kan ṣoṣo, wọ́n á jọ máa yí bí wọ́n ṣe ń lọ, ní réédíánì 3.33 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 1.167 J á sì ṣẹ́kù. Bí ẹni tó kọ kóòdù bá kàn fún àwọn méjèèjì ní eré kan náà tí kò sì jẹ́ kí wọ́n yí, 1.0 J ló máa rí. Mòmẹ́ńtọ̀mù jẹ́ 2 kg·m/s nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyí tí kò fi tó láti wo mòmẹ́ńtọ̀mù nìkan ká sì sọ pé àfarawé náà tọ̀nà. Ẹ máa wo agbára ìrìn, ẹ sì máa wò ó bóyá nǹkan náà ń yí. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, èyí tó kẹ́yìn ló burú jù, torí ó gbé mòmẹ́ńtọ̀mù ìyípo sọnù láìsí ipá kankan láti ìta.

PhET Collision Lab

Yunifásítì Colorado ní Boulder ló ṣe PhET, ọdún 2002 ni Carl Wieman sì dá a sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Orí bíráwúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, fóònù náà sì gbé e. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù nílé ìwé tí dátà ti wọ́n ni pé ẹ lè da fáìlì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi fúláàṣì pín in fún gbogbo kíláàsì, kó sì máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ojú ìwé mẹ́rin ló ní. Ní Intro àti Explore 1D, ẹ fa Elasticity wá sí 0%, ẹ kọ máàsì 2 àti 1 sínú tábìlì ìsàlẹ̀, ẹ fi eré 3 àti 0 sí i, kí ẹ sì fi àmì sí Kinetic Energy. Ẹ ó rí 9 J tó di 6 J lójú ẹsẹ̀. Ojú ìwé kẹrin, Inelastic, ló mú kí PhET ta yọ fún ẹ̀kọ́ yìí: ó ní Stick àti Slip. Stick ni lílẹ̀ mọ́ra tòótọ́, àwọn bọ́ọ̀lù á máa yí yíká àárín máàsì wọn. Slip ni àìtapadà lásán. Mi ò mọ ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tó fi ìyàtọ̀ yìí sójú táyé báyìí fún ọmọ SS2 láìjẹ́ pé ó kọ kóòdù kankan.

Ohun tó máa ń da kíláàsì rú ni Reflecting Border. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó wà ní títàn, ògiri á kópa nínú ọ̀rọ̀ náà, mòmẹ́ńtọ̀mù á yí padà, àwọn ọmọ á sì máa rò pé ìkọlù ló fà á. Ẹ pa á. Ẹ tan Constant Size tàbí kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀, torí bí kò bá sí i, bọ́ọ̀lù á máa tóbi bí máàsì rẹ̀ ṣe ń pọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti fẹ̀gbẹ́ kọlura á sì yí padà.

Ibi tí PhET dópin sí ni pé ẹ ò lè fi ipá tiyín fa nǹkan, ẹ ò lè yí ìrísí bọ́ọ̀lù padà, ẹ ò sì lè rí bí ìkọlù ṣe ń wáyé nínú. Ìpàdé bọ́ọ̀lù méjèèjì, fìrì báyìí ni.

Algodoo

Phun ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Emil Ernerfeldt ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Umeå ní Sweden, iléeṣẹ́ Algoryx sì sọ ọ́ di Algodoo. Ọ̀fẹ́ ni lórí Windows àti Mac, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yàwòrán ọkọ̀, àpótí àti kẹ̀kẹ́ kó sì máa gbá wọn lura, ibí ni kó wá.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ pa gravity àti air friction ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹ wá tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì lórí ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ Material, ẹ sọ restitution (ìwọ̀n ìtapadà) àti friction di 0. Eré wà ní Velocities. Information ń fi mòmẹ́ńtọ̀mù àti agbára hàn, Show plot sì ń ya gíráàfù wọn.

Restitution 0 níbí, àìtapadà lásán ni. Àwọn àpótí méjèèjì á jọ máa lọ, wọ́n á sì dà bí ohun tó lẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ fa èyí tó wà níwájú díẹ̀, ẹ ó rí i pé èyí tó wà lẹ́yìn ò tẹ̀ lé e. Láti so wọ́n pọ̀ gidi, ẹ nílò Fixate, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ohun tí Fixate ń ṣe ni pé ó ń kan nǹkan mọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan méjèèjì bá kàn fara kanra tí ọ̀kan ò gun orí èkejì, Fixate á kan án mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Yóò dúró gbọin lójú kan náà, gbogbo mòmẹ́ńtọ̀mù á sì pòórá. Bí ẹ bá rí eré tó di 0 lójijì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹni tó bá ní sùúrù lè kọ Thyme, èdè kóòdù inú Algodoo, sínú onCollide, kí jọ́íǹtì, ìyẹn ìsopọ̀, fúnra rẹ̀ wáyé nígbà tí nǹkan méjì bá kanra. Mi ò ní gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó ti ibẹ̀ kọ́ kóòdù, torí Thyme ò wúlò níbòmíràn. Bó bá ti di kóòdù, ẹ jẹ́ ká lọ sí Python.

Web VPython

VPython bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní ọdún 2000, David Scherer ló kọ ọ́. Èyí tó wà lórí bíráwúsà lónìí wà ní glowscript.org. Ẹ ó fi àkántì Google wọlé kí iṣẹ́ yín lè wà ní ìpamọ́. Ó ń jẹ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní Python lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè fi `pip install vpython` gbé e sílé.

Kò sí ẹ́ńjìnnì ìkọlù kankan nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù á gba inú bọ́ọ̀lù kọjá bí ẹ ò bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní yunifásítì, ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: gbogbo òfin tó ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

```
Web VPython 3.2
A = sphere(pos=vector(-2,0,0), radius=0.1, color=color.red)
B = sphere(pos=vector(0,0,0), radius=0.1, color=color.blue)
A.m = 2
B.m = 1
A.v = vector(3,0,0)
B.v = vector(0,0,0)
lemo = False
dt = 0.001
t = 0
while t < 2:
    rate(500)
    A.pos = A.pos + A.v*dt
    B.pos = B.pos + B.v*dt
    if not lemo and mag(A.pos - B.pos) <= A.radius + B.radius:
        K1 = 0.5*A.m*mag2(A.v) + 0.5*B.m*mag2(B.v)
        V = (A.m*A.v + B.m*B.v)/(A.m + B.m)
        A.v = V
        B.v = V
        K2 = 0.5*(A.m + B.m)*mag2(V)
        print(K1, K2, K1 - K2)
        lemo = True
    t = t + dt
```

Ó yẹ kó tẹ 9, 6 àti 3 jáde. Ẹ wo ìlà tí V wà dáadáa. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ má lo V, kó kọ ìṣirò náà tààrà sínú A.v, kó tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì sínú B.v. Nígbà tó bá fi máa dé orí B, A.v ti di 2, kì í ṣe 3 mọ́, nítorí náà B á gba (2×2 + 1×0)/3, ìyẹn 1.33. A á gba inú B kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa wá ibi tí mòmẹ́ńtọ̀mù 0.67 gbà lọ. Iṣẹ́ `lemo` ni pé kí ìkọlù náà wáyé lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá sí i, ní gbogbo ìgbésẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e ni kọ̀ǹpútà á tún máa rí i pé wọ́n kanra, á sì máa tẹ àwọn nọ́ńbà jáde lọ rẹpẹtẹ.

`dt`, ìyẹn iye àkókò tó wà nínú ìgbésẹ̀ kan, pàápàá ní ohun tó ń ṣe. Ní 0.01, A lè wọ inú B tó 3 sẹ̀ǹtímítà kí kóòdù tó rí wọn, bẹ́ẹ̀ réédíọ́ọ̀sì wọn ò ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ. Lórí ìlà kan ṣoṣo, ojú nìkan ló máa rí i. Nínú ìkọlù ẹ̀gbẹ́, igun ibi tí wọ́n ti kanra á yẹ̀, èsì á sì yẹ̀ pẹ̀lú. Ní 0.001, kò ní ju mìlímítà 3 lọ.

Kóòdù yìí tọ̀nà fún ìlà kan ṣoṣo nìkan. Bí ẹ bá fi B sí ẹ̀gbẹ́, òun gan-an ni yóò mú irú èsì 1.0 J tó gbé ìyípo sọnù. Láti tún un ṣe, kí ẹ tó yí A.v àti B.v padà, ẹ wá àárín máàsì, ẹ fi `cross` ṣírò mòmẹ́ńtọ̀mù ìyípo L yíká rẹ̀, kí ẹ fi I, ìyẹn bó ṣe ṣòro tó láti yí nǹkan náà (moment of inertia), pín in. Fún àwo róbótó méjì yẹn, I jẹ́ ìlọ́po méjì (½mr² + mr²), ìyẹn 0.03, L jẹ́ 0.1, 3.33 rad/s sì jáde. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ìgbésẹ̀, ẹ fi `rotate` yí bọ́ọ̀lù méjèèjì pẹ̀lú `origin` tó jẹ́ àárín máàsì. Bí ẹ bá fi I ti bọ́ọ̀lù gidi, tó ń lo ⅖ dípò ½, ẹ ó rí 3.57 rad/s. Ẹ má bẹ̀rù pé kò bá ti àwo mu.

Ọ̀nà mìíràn wà tí VPython nìkan ló rọrùn fún nínú àwọn ètò yìí: kí ẹ má lo ìkọlù ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ fi sípíríǹgì tó ní ìdẹ̀rọ̀ (damping) sáàárín wọn nígbà tí wọ́n bá kanra. Fún kílò 2 àti 1, tí k, ìyẹn líle sípíríǹgì náà, bá jẹ́ 1000 N/m, ìdẹ̀rọ̀ tó máa dá wọn dúró láìjẹ́ kí wọ́n máa lọ máa bọ̀ jẹ́ nǹkan bí 52 N·s/m. Pẹ̀lú `dt` 0.001, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè ya gíráàfù agbára ìrìn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti 9 dé 6, kó sì rí i pé àwọn jọ́ọ̀lù 3 náà ò pòórá. Ìdẹ̀rọ̀ ló ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbé k ga gan-an láì dín `dt` kù, àfarawé náà á bú gbàmù: bọ́ọ̀lù á fò kúrò lójú ìwé pẹ̀lú agbára tí kò sẹ́ni tó fún un.

Pymunk, àti ọ̀rọ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì géèmù

Pymunk ni ẹ́ńjìnnì Chipmunk tí a lè fi Python darí. Òun ni mo fi ṣáájú fún iṣẹ́ àkànṣe, nígbà tí nǹkan mẹ́wàá tàbí ogún bá ní láti máa lẹ̀ mọ́ra. Ìwà rẹ̀ mọ́: bí ẹ bá ṣe gbé e délé, gravity jẹ́ 0, elasticity jẹ́ 0, friction jẹ́ 0. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fò.

Àkọ́kọ́, `collision_slop` jẹ́ 0.1 láti ilẹ̀. Bí mítà bá ni ẹ fi ń wọn nǹkan, tí réédíọ́ọ̀sì sì jẹ́ 0.1, ẹ́ńjìnnì ti gbà kí nǹkan wọ inú ara wọn tó gbogbo réédíọ́ọ̀sì náà. Ẹ sọ ọ́ di 0.0001. Ìkejì, ẹ fi `space.step(0.001)` rìn, 1/60 tí gbogbo èèyàn ń dà kọ túmọ̀ sí pé nǹkan tó ń sáré ní 3 m/s ń fo 5 sẹ̀ǹtímítà ní ìgbésẹ̀ kan. Ìkẹta, kò sí jọ́íǹtì ìjópọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. PivotJoint ni ẹ ó fi sí ojú ibi tí wọ́n ti kanra, ẹ ó sì fi GearJoint kún un, kí ratio jẹ́ 1, kí phase sì jẹ́ igun B tí a yọ igun A kúrò nínú rẹ̀. PivotJoint nìkan á jẹ́ kí wọ́n máa mì bí ilẹ̀kùn lára férémù. Ìkẹrin, ẹ sọ `collide_bodies` ti jọ́íǹtì méjèèjì di False. True ló wà láti ilẹ̀, bó bá sì wà bẹ́ẹ̀, jọ́íǹtì á máa fà wọ́n mọ́ra, ìkọlù á máa tì wọ́n kúrò, wọ́n á máa gbọ̀n. Bí kóòdù àtijọ́ bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ wo orúkọ iṣẹ́ tó ń gbọ́ ìkọlù: ní Pymunk 7, `on_collision` ló rọ́pò `add_collision_handler`.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ láti ẹ́ńjìnnì kan sí òmíràn, bíi Unity tàbí Box2D tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, gbọ́dọ̀ mọ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ fi ìtapadà (e) 0 sí A, ó gbàgbé B sí 0.8. Ìkọlù kílò 2 àti 1 wa àkọ́kọ́ á jáde báyìí:

| Ẹ́ńjìnnì | Bó ṣe ń da òǹkà méjèèjì pọ̀ | e tó lò | Eré A | Eré B | Agbára tó kù |
|---|---|---|---|---|---|
| Pymunk | ó fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀ | 0 | 2.0 | 2.0 | 6.00 J |
| Unity | ó mú agbedeméjì | 0.4 | 1.6 | 2.8 | 6.48 J |
| Box2D | ó mú èyí tó tóbi jù | 0.8 | 1.2 | 3.6 | 7.92 J |

Mòmẹ́ńtọ̀mù jẹ́ 6 nínú gbogbo wọn. Ẹ máa sọ ti nǹkan méjèèjì di 0, ẹ má fi ti ọ̀kan sílẹ̀.

Òdìkejì àṣìṣe yìí náà wà. Box2D kì í jẹ́ kí nǹkan ta padà bí eré tí wọ́n fi pàdé kò bá tó 1 m/s, ti Unity sì jẹ́ 2 m/s. Ẹni tó bá fi 0.5 m/s dán an wò á rò pé òun ti rí ìkọlù àlẹ̀mọ́, bẹ́ẹ̀ bounciness, ìyẹn ìtapadà, wà ní 0.9. Ẹ fi eré tó ju ààlà yìí lọ ṣe ìdánwò, tàbí kí ẹ sọ ààlà náà kalẹ̀.

Box2D ní WeldJoint, Unity ní FixedJoint, àwọn méjèèjì sì dára fún ìjópọ̀. Nínú Box2D, ẹ má ṣe dá jọ́íǹtì sílẹ̀ nínú iṣẹ́ tó ń gbọ́ ìkọlù, torí ayé rẹ̀ wà ní títì nígbà yẹn. Ẹ kọ orúkọ nǹkan méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ so wọ́n lẹ́yìn tí ìgbésẹ̀ bá parí. Unity wúwo jù fún ẹ̀kọ́ ìkọlù nìkan. Ẹ lọ sí i bó bá jẹ́ pé géèmù ni ẹ fẹ́ ṣe.

Ní ti Matter.js, tí ọ̀pọ̀ ń lò lórí wẹ́ẹ̀bù, mi ò fọwọ́ sí i fún ìwọ̀n. `frictionAir` rẹ̀ jẹ́ 0.01 láti ilẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ 60 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, 0.99 ní ọ̀nà 60 sì jẹ́ 0.547. Bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ní 3 á ti di 1.64 kó tó kọlu ohunkóhun. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ sọ `frictionAir` di 0 lára nǹkan kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pa gravity.

Ìdánwò ìfà, àti fídíò

Fún ètò èyíkéyìí tó bá jẹ́ kí ẹ fi ipá sí nǹkan, lẹ́yìn ìkọlù àkọ́kọ́ wa, ẹ fi ipá 3 N fa B nìkan síwájú. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra lóòótọ́, eré àwọn méjèèjì á máa fi 1 m/s pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ àìtapadà lásán, B nìkan ló máa fi 3 m/s pọ̀ sí i, á sì fi A sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ kékeré méjì àti Velcro lè fi Tracker, ètò ọ̀fẹ́ tí Douglas Brown ṣe, wọn eré wọn láti inú fídíò fóònù, kó sì fi í wé àfarawé. Ẹ gbé fóònù sórí ohun tí kò ní mì, kí ojú rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà náà gbọọrọgbọ, kí rúlà sì wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ọkọ̀, kì í ṣe lára ògiri ẹ̀yìn. Ní àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkọ̀ tó ń lọ ní 1 m/s ń rìn ju 3 sẹ̀ǹtímítà lọ láàárín àwòrán méjì, nítorí náà ẹ lo ó kéré tán àwòrán márùn-ún ṣáájú ìkọlù àti márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tí ìkọlù bọ́ sí gan-an kúrò.